Wákàtí Kan Lọ́dọ̀ Ìnàkí

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí gbogbo èèyàn ń bi wá láti ìgbà tí a ti dé náà nìyẹn. 1,500 dọ́là Amẹ́ríkà ni ìwé àṣẹ tí àlejò láti ìta Áfíríkà máa ń gbà kó tó lè fojú kan ìnàkí orí òkè, èyí tí òyìnbó ń pè ní gorilla, ní orílẹ̀-èdè Rwanda. Wákàtí kan péré ni owó náà wà fún. Owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀, owó ilé ìtura kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó oúnjẹ. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ni. Àwa mẹ́rin tí a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí jókòó, a ro gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti san láti ọdún kìíní dé ọdún kẹta pọ̀. Kò tó o.

Ẹ má wulẹ̀ máa wò wá tìfuratìfura, a ò digunjalè. Ìdíje àròkọ lórí ọ̀rọ̀ àyíká, tí wọ́n ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni a kọ orúkọ sí gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ kan, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́rin ní Rwanda, irú ìrìnàjò afẹ́ tí àwọn olówó máa ń lọ: bàlúù, ilé ìtura tó gbówó lórí, ọkọ̀ jíìpù, afinimọ̀nà, àti ìwé àṣẹ ìnàkí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ẹnìkan nínú wa ń kọ́ nípa igbó àti ẹranko ìgbẹ́, ẹnìkan ń kọ́ ètò ọrọ̀ ajé, ẹnìkan ń kọ́ ìmọ̀ èdè, ẹnìkan ń kọ́ ìṣègùn ẹranko. Ọmọ àgbẹ̀ ni méjì nínú wa, ọmọ ọdẹ ni ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ti wọ bàlúù rí.

A kò san kọ́bọ̀ fún físà, torí Rwanda ti ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ọmọ Áfíríkà. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ní pápákọ̀ òfuurufú Kigali ni ọ̀rá tí a fi wé bàtà. Láti 2008 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀rá ìdìlẹ́rù níbẹ̀. Lójú ọ̀nà tó lọ sí Musanze, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, ó lé ní wákàtí méjì tí ọkọ̀ wa fi ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń yí bírí. Ilẹ̀ Ẹgbẹ̀rún Òkè ni ìnagijẹ Rwanda, ẹni tó bá sì ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè rí, tó ń fi yangàn, á panu mọ́ níbẹ̀. Gbogbo ara òkè ni wọ́n fi dáko. A kò rí ibì kan tó ṣófo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Ilé ìtura tí wọ́n fi wá sí kò jọ ohunkóhun tí a mọ̀. Yàrá ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ààrò tirẹ̀, wọ́n sì ti dáná sí i ká tó dé, torí òtútù ibẹ̀ ń mú ni dé eegun. Ní alẹ́, wọ́n wá ki rọ́bà omi gbígbóná bọ abẹ́ aṣọ ìbora wa. Láti ojú fèrèsé, òkè oníná mẹ́ta tó ti kú ló tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìkùukùu sì wé wọn lórí bíi gèlè. A jẹun, a yó, a ya fọ́tò títí tí fóònù fi kú. A ò ní purọ́ fún yín, ìgbádùn dùn.

Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí a rin ìrìn díẹ̀ létí igbó, tí a dé pẹ̀lú bàtà tí ẹrẹ̀ ti bò. Bàbá kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtura náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fọ bàtà àwọn àlejò. Bàbá yìí tó bàbá wa bí lọ́mọ. Ó gbé àpótí síwájú wa, ó ní ká jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí okùn bàtà ẹni àkọ́kọ́ nínú wa. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹni náà fò dìde bí ẹni tí eèrà ta. Ẹ̀kọ́ ilé wa kò gbà á. Àwọn àlejò tó kù, òyìnbó tọkọtaya kan àti àwọn ẹbí wọn, jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Bàbá náà wò wá, kò yé e. Ó ṣe tán, iṣẹ́ rẹ̀ ni, òun sì ni wọ́n fi ń san owó fún un. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, a bọ́ bàtà fúnra wa, a mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì bá a fọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò wá. Látìgbà náà, "ọmọ Nàìjíríà" ló ń pè wá, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹta ni a lọ sí Kinigi, níbi tí olú-iṣẹ́ ọgbà ìtọ́jú ẹranko náà wà. Volcanoes ni orúkọ ọgbà yìí, ara àwọn òkè Virunga tí Rwanda, Uganda àti Congo jọ pín ni. Ènìyàn 8 péré ni wọ́n ń jẹ́ kó lọ bá ìdílé ìnàkí kan lójúmọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí kan. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 15 kò lè lọ. Ẹni tó bá ń wúkọ́, tàbí tí ọ̀finkìn ń dà láàmú, wọ́n á dá a padà. Ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn ẹranko nínú wa ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa: ara ìnàkí àti tiwa sún mọ́ra débi pé kòkòrò àrùn tó kàn ń mú kí àwa sín lè pa odindi ìdílé wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi wọ ìbòmú, tí wọ́n sì kìlọ̀ pé ká fi nǹkan bíi mítà 10 jìnnà sí wọn. Àwọn àgbà wa ti ní bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe ṣe. Ó jọ pé àwa náà ṣe é bẹ́ẹ̀.

Alábàárù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yàn fún wa, láti gbé báàgì àti láti fà wá lọ́wọ́ níbi tí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀. A ní a lè gbé báàgì wa. Afinimọ̀nà rọra bá wa sọ̀rọ̀: bí ẹ ò bá gba alábàárù, ẹ ti gba oúnjẹ òòjọ́ lẹ́nu ẹnìkan nìyẹn. Ni a bá gbé báàgì sílẹ̀.

A la oko ànàmọ́ òyìnbó kọjá títí a fi dé ibi odi òkúta kan. Odi náà kò ga, òkúta tí wọ́n kó jọ lásán ni, kò sí sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀. Lápá ìhín, oko. Lápá ọ̀hún, igbó kìjikìji. Wọ́n mọ ọ́n kí ẹfọ̀n má baà máa wá jẹ oko àwọn èèyàn. Láàárín oko àti igbó, kò sí àyè tí ẹsẹ̀ méjì lè gbà dúró. A gun odi náà, a bọ́ sínú oparun, láti inú oparun a bọ́ sínú èsìsì tó ń jó ni láti orí ṣòkòtò wọlé, àti ẹrẹ̀ tó ń fa bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀. Ó tó wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà ni afinimọ̀nà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí àwọn alábàárù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì àti ọ̀pá. Àwa tẹ̀ síwájú.

Báwo la ṣe fẹ́ sọ ọ́? Akọ ńlá kan jókòó sínú ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí eérú, ó ń bó èèpo igi jẹ pẹ̀lú sùúrù, bí ìyá àgbà tó ń bó ẹ̀gúsí. Abo méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan tí kò ju ọmọ ọdún méjì lọ gun ẹ̀ka igi kan, ó gbá àyà rẹ̀ sí wa bí akọni, ẹ̀ka náà kán, ó já lulẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ kan, ó fi ẹsẹ̀ fà á sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u lórí. Afinimọ̀nà ń fi ọ̀fun ṣe ohùn kan jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ hú ikọ́, akọ ńlá náà sì dá a lóhùn. Ó túmọ̀ sí pé, àlàáfíà ni. Ọmọ ọdẹ inú wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo wákàtí náà. Nígbà tí wọ́n ní àkókò ti pé, òun ló kẹ́yìn nínú àwọn tó kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, a bá ọ̀kan nínú àwọn alábàárù sọ̀rọ̀, afinimọ̀nà ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Àgbẹ̀ ni ọkùnrin náà, oko ànàmọ́ rẹ̀ fara ti odi òkúta. Ó sọ fún wa pé tàkúté ni bàbá òun ń dẹ nínú igbó yìí láyé àtijọ́, fún àgbọ̀nrín àti ẹfọ̀n, pé nígbà míì ọwọ́ ìnàkí á há sí i. Òun kò dẹ ẹ́ mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ òun ń lọ, owó igbó ni wọ́n fi kọ́ ọ. A wá bi í pé, báwo ló ṣe rí lára rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, irú èyí tí àwa ṣe ní òwúrọ̀ yìí?

Ó ní òun kò tíì ṣe é rí. Láti ọdún tí òun ti ń gbé báàgì, ibi tí wọ́n ti ń ní kí alábàárù dúró ni òun máa ń dúró. Òun máa ń gbọ́ ohùn wọn. Nígbà míì ọ̀kan á kọjá lọ́nà, òun á rí i fìrí. Lóòótọ́, iye tí ọmọ ìbílẹ̀ ń san kéré gan-an sí ti àlejò, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ta ànàmọ́ bẹ́ẹ̀ láti fi lọ wo ohun tó ń gbé lẹ́yìn ilé rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ ká sùn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a kó jọ sídìí ààrò nínú yàrá kan, a sì ṣe àríyànjiyàn títí iná fi kú.

Ẹni tó ń kọ́ nípa igbó ló kọ́kọ́ la ìtàn rẹ̀ fún wa. 1925 ni wọ́n ti dá ọgbà náà sílẹ̀, lábẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun Belgium. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n gé apá ńlá kúrò lára rẹ̀ láti gbin òdòdó funfun kan tí wọ́n fi ń ṣe oògùn kòkòrò. Dian Fossey, ọmọ Amẹ́ríkà tó tẹ̀dó sáàárín òkè Karisimbi àti Bisoke ní 1967 láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìnàkí, rí i tí wọ́n ń pa wọ́n. Ní òpin ọdún 1977, wọ́n pa Digit, ìnàkí tó fẹ́ràn jù. Ní 1985, wọ́n pa òun náà nínú ilé rẹ̀ lórí òkè níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun dé, tí ìpakúpa 1994 sì gbẹ̀mí àìmọye èèyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nǹkan bí 250 ìnàkí ló kù ní gbogbo Virunga. Ìkà tí wọ́n ṣe ní 2015 sí 2016 fi hàn pé wọ́n ti di 604. Bí a bá fi àwọn tó wà ní Bwindi ní Uganda kún un, wọ́n ti lé ní 1,000. Ẹ ronú wò ó: orílẹ̀-èdè tó kéré bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀ há mọ́ lọ́wọ́, tí ogun bà jẹ́, ẹranko tó ń kú lọ sì tún ń pọ̀ sí i níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní, ẹ ò rí i, owó yẹn ló ń ṣiṣẹ́. 750 dọ́là ni ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀. Ní 2017 ni wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì gbé ìpín àwọn ará abúlé tó yí ọgbà ká kúrò ní 5% owó tó ń wọlé sí 10%. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di 50 dọ́là, ó ní, ọjà Ọjẹ́ á kún inú oparun yẹn, ikọ́ á sì pa gbogbo ìnàkí tán láàárín ọdún kan. Ènìyàn díẹ̀, owó púpọ̀: òun ló ń ṣọ́ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè kò gbà. Ó ní, ó dára, àmọ́ ẹ wo ohun tí a ti sọ onílé dà. A ti sọ ọ́ di alábàárù nínú igbó bàbá rẹ̀. Ìnàkí ní orúkọ. Láti 2005 ni wọ́n ti ń ṣe ìsọmọlórúkọ fún àwọn ọmọ ìnàkí, Kwita Izina ni wọ́n ń pè é, àwọn gbajúmọ̀ àgbáyé ló sì máa ń wá sọ wọ́n lórúkọ. Ta ló mọ orúkọ ọkùnrin tó gbé báàgì wa?

Ọmọ ọdẹ ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdáàbòbò ẹranko nílé, bí ọ̀daràn ni a máa ń sọ̀rọ̀ bàbá òun. Bàbá òun kì í ṣe ọ̀tá ẹranko. Kò sí ẹni tó mọ ìrìn wọn tó o. Owó ilé-ẹ̀kọ́ òun ló ń wá kiri nínú igbó. Ó ní alábàárù yẹn kò jáwọ́ nínú tàkúté nítorí pé ẹnìkan wàásù fún un. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ tó sàn ju tàkúté lọ ni. Ẹ fún bàbá òun náà ní ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá wò ó.

Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti gbà fún ara wa. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí á ní kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun; àwa dé oko ẹlòmíràn, a wá rí i bí a ṣe fi tiwa sílẹ̀. Nàìjíríà náà ní ìnàkí, a sì bi àwọn ọmọ kíláàsì wa léèrè nígbà tí a dé: ìdajì wọn kò mọ̀. Nínú àwọn òkè ààlà Nàìjíríà àti Cameroon, ní ìpínlẹ̀ Cross River, ni wọ́n wà, gbogbo wọn kò tó 300. Ojú èèyàn kì í sábà rí wọn. Ní 2020, nígbà tí kámẹ́rà kan ní àwọn òkè Mbe ya fọ́tò wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, ìròyìn ńlá ni jákèjádò ayé. Nílé wa níhìn-ín ńkọ́? Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO ti fi sínú àwọn igbó àkànṣe rẹ̀ láti 1977, erin ṣì wà nínú rẹ̀. Erin gidi, nítòsí Ìjẹ̀bú! Àwọn agégẹdú wà níbẹ̀, àwọn olóko kòkó wà níbẹ̀, ọdẹ wà níbẹ̀, àwọn díẹ̀ sì ń gbìyànjú láti dá erin sí láàárín wọn. Àwa tí a gbọ́ oríkì erin láti kékeré, a mọ̀ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Ibi tó ń gbé gan-an ni a kò mọ̀.

Ohun tí a rò pé ó yẹ ká mú bọ̀ láti Rwanda kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí iye èèyàn tó ń wọ igbó ní òǹkà, kí òfin náà sì mú olówó bó ṣe ń mú tálákà. Èkejì, kí ará abúlé rí ìpín tirẹ̀ gbà, kó sì mọ iye tó jẹ́, kó má jẹ́ pé ẹnu ìjọba nìkan la ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa ka ẹranko déédéé, torí ohun tí a kò kà, a kì í mọ̀ nígbà tó bá tán. Ohun kan wà tí a kò fẹ́ mú bọ̀: ibi tí alábàárù ti dúró yẹn. Bí a bá máa ṣe tiwa, kí ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọọdún jẹ́ ti àwọn tó ń gbé ẹ̀bá igbó, lọ́fẹ̀ẹ́, tàgbà tèwe. Kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ máa ṣọ́ ohun tí wọn kò jẹ́ kó rí.

A ti kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹni tó ń kọ́ nípa igbó nínú wa, pé kí ìrìn ẹ̀kọ́ sáà yìí jẹ́ sí Igbó Ọmọ. Wọ́n ní wọ́n máa rò ó. Àwa ti ń dá owó ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní tiwa, bí wọ́n bá gbà, bí wọn kò bá gbà. Bàbá ọ̀rẹ́ wa, ọdẹ náà, ti gbà láti bá wa lọ, torí ó ní àwa kò lè mọ ẹsẹ̀ erin yàtọ̀ sí kòtò omi. Bọ́ọ̀sì la máa wọ̀, ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín la máa gbé dání, abúlé la máa sùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tó bá fẹ́ bá wa lọ, ẹ jẹ́ ká mọ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tó sì ní ọkọ̀ tàbí epo ọkọ̀ láti fi ràn wá lọ́wọ́, a mọ̀ pé ẹ ń kà á. Ẹ gbé bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀ wá o. Fúnra wa la máa fọ̀ ọ́.